Ṣíbí Tí Mo Fi Ń Yẹ Nǹkan Wò Ló Tú Àṣírí Mi

"Ọ̀gá, ṣíbí wo lẹ mú dání yẹn? A kò tíì pín oúnjẹ o."

"Kì í ṣe ṣíbí oúnjẹ. Ṣíbí etí ni."

"Ṣíbí etí?"

"Òun ni màá fi gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì yín ń sọ."

"Ẹ́ńjìnnì mi? Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, kò bá mi sọ nǹkan kan rí."

"Bóyá ẹ kò bi í léèrè dáadáa ni."

Oníbúrẹ́dì náà wò mí láti òkè délẹ̀. Èmi náà wò ó. Ìyẹ̀fun ti bo bàbá yìí láti orí dé bàtà. Bí ẹ bá ṣèèṣì tì í sínú ààrò, ẹ ó ti gé e jẹ kí ẹ tó mọ̀. Lẹ́yìn mi, ìyàwó mi wúkọ́ díẹ̀, irú ikọ́ tí obìnrin máa ń wú nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń gbayì lójú àlejò. Àbúrò rẹ̀, Nọ́ọ̀sì, ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ẹni tí mo jẹ́, nítorí kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ó sì yẹ kí ènìyàn mọ ẹni tó ń bú.

Tẹ́lọ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, Ọ̀gá Àyẹ̀wò ni wọ́n ń pè mí. Kò sẹ́ni tó ń ra fìríìjì, bẹ́ẹ̀dì tàbí fáànù láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbé ṣíbí mi lé e, kí n gbé etí lé ṣíbí, kí n dijú, kí n sì máa mi orí. Nígbà tí bàbá ìyàwó mi fẹ́ ra ewúrẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo gbé ṣíbí lé ewúrẹ́ náà níkùn, mo ní, "Àlàáfíà ni." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò gbọ́ nǹkan kan rí. Mo rí mẹkáníìkì kan tó fi irin gígùn gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Èmi kò ní irú irin bẹ́ẹ̀. Ṣíbí ló wà nítòsí. Ẹni tó bá ti lè dijú, kó sì dákẹ́ pẹ́, aráyé á gbà pé ó ń gbọ́ ohun tí àwọn kò gbọ́.

Ohun tó gbé wa dé ilé búrẹ́dì ni pé Nọ́ọ̀sì fẹ́ ra alùpùpù. Òun ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọdé ní àwọn abúlé orí òkè, níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ó ń fẹsẹ̀ gun òkè náà pẹ̀lú àpótí lẹ́yìn, yìnyín inú àpótí á sì ti yọ́ kó tó débẹ̀. Ó ti tu owó jọ títí. Alùpùpù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló ń wá, irú èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tó ń ké bí ẹni tí agbọ́n ta, tó ń rú èéfín bí ilé tó ń jó, ṣùgbọ́n tó ń gun òkè bí ewúrẹ́.

"Bọ̀dá," ó sọ fún mi lórí fóònù, "ẹ̀yin nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ìyàwó mi tẹ̀lé wa, èyí sì jẹ́ ìyanu, nítorí ó ti pẹ́ tí òun àti àbúrò rẹ̀ ti ń kí ara wọn bí ẹni tó tò sórí ìlà ní báǹkì. Ìjà kan ló ṣẹlẹ̀. Màá sọ ọ́.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń tà á?" Nọ́ọ̀sì bi oníbúrẹ́dì.

"Èéfín rẹ̀ ni, ọmọ mi. Mo fi ń pín búrẹ́dì kiri, búrẹ́dì wá ń rùn bí ilé epo. Oníbàárà kan ní òun kò mọ̀ bóyá kí òun jẹ ẹ́ ni tàbí kí òun rọ ọ́ sínú jẹnẹrétọ̀."

"Ta ló kọ́kọ́ ní in?"

"Bàbá àgbà kan báyìí. Alágbàtà tó bá mi rà á ní bàbá náà bẹ̀rù Ọlọ́run, ọjọ́ ìsinmi nìkan ló máa ń gùn ún. Ó ti kú."

"Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere," ìyàwó mi wí.

"Àmín," ni mo fi gbè é.

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó àpò ìyẹ̀fun sí. Alùpùpù náà wà láàárín àwọn àpò, ó funfun báláú bí iwin. Bàbá fi àkísà gbá táǹkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹ̀fun rú sókè, nígbà tó sì balẹ̀, mo rí sítíkà tó wà lára táǹkì náà.

ỌLỌ́RUN Ń WÒ Ọ́.

Ṣíbí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ra sítíkà yẹn. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, torí ibẹ̀ ti tẹ̀ wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Alùpùpù mi ni. Bàbá ti kun táǹkì ní àwọ̀ ìyeyè, àmọ́ férémù rẹ̀, egungun tó gbé gbogbo ara rẹ̀ ró, ṣì pupa bó ṣe wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá àgbà tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó sì ti kú, èmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín sí òkú ara mi tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí alùpùpù yìí jẹ́ tèmi, mo gùn ún wọnú ògiri aládùúgbò wa. Ògiri náà kò yà fún mi. Ìyàwó mi ní kí n tà á, kó tó sọ òun di opó. Nígbà tí mo tú táǹkì, mo rí i pé férémù ti sán lọ́rùn, níbi tí hándù ti wọlé. Ẹni tó bá rí ìsán yẹn kò ní rà á. Mo fi gọ́ọ̀mù líle dí i, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti férémù mu. Mo wá rántí pé kútẹ́ẹ̀sì tí ìyàwó mi fi ń kun èékánná pupa gẹ́lẹ́ bí férémù náà.

Mo kùn ún tán. Ìgò ṣófo. Mo jù ú nù, mo sì ta alùpùpù náà fún alágbàtà kan.

Kútẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹ̀bùn ni. Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, tú gbogbo ilé wò. Àbúrò rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó bi mí léèrè, "Ta ló kù nílé yìí tó ń kun èékánná?" N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Mo kàn wo ilẹ̀kùn yàrá àbúrò rẹ̀, mo sì mí kanlẹ̀.

Ìmí kan ṣoṣo. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, Nọ́ọ̀sì ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé mi gẹ́gẹ́ bí olè.

Alùpùpù yẹn náà ló wá fẹ́ rà yìí. Orí ìsán yẹn ló fẹ́ jókòó sí gun òkè.

"Bọ̀dá, ẹ sọ nǹkan kan," Nọ́ọ̀sì wí. "Ojú yín ti yí padà."

"Ìyẹ̀fun ni."

Ìpinnu mi ni pé n kò ní sọ ohun tí mo mọ̀, n kò sì ní jẹ́ kó rà á. Màá bú alùpùpù náà títí yóò fi kó o nírìíra. Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n ni mí?

"Wọ́n ní ká fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ta á," Nọ́ọ̀sì wí. "Bó bá ti gbóná kí oníbàárà tó dé, wọ́n ti ń fi nǹkan pamọ́ nìyẹn."

"Ẹ fọwọ́ kàn án," bàbá wí. "Ó tutù bí omi àmù."

Ó tutù lóòótọ́. Bàbá gbé e bọ́ sí àgbàlá, ó ta á ní ìpá kan ṣoṣo. Gbàà! Ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́wọ́ mi, mo máa ń ta á títí bàtà mi á fi bọ́. Mo gbé ṣíbí lé e, mo dijú.

"Ó ń sunkún," mo wí.

"Kí ló pa á lẹ́kún?" bàbá béèrè.

"Ìrònú ni. Ẹ́ńjìnnì yìí ń ronú."

"Kí ló ń rò?"

"Bí yóò ṣe kú."

Bàbá fọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun wá pọ̀ sí i. "Ó dáa. Màá yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ nítorí ìrònú yẹn."

Nọ́ọ̀sì gbún mi nígbọ̀nwọ́. "Bọ̀dá! Ẹ mà mọ ọjà ná o!"

Mo lọ sẹ́yìn. "Táyà yìí ńkọ́?"

"Tuntun ni. Oṣù tó kọjá ni mo pààrọ̀ rẹ̀."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń wí. Ó ti tuntun jù. Kí lẹ fẹ́ fi bo ojú wa?"

"Ha! Ọ̀gá, bí ó bá ti gbó ńkọ́?"

"Màá sọ pé ó ti gbó."

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Ẹ kò lè ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló burú níbẹ̀."

Bàbá yọ díẹ̀ sí i nínú owó.

Mo ní ṣéènì rẹ̀ le jù. Ó mú sípánà, ó dẹ̀ ẹ́. Mo ní ó ti dẹ̀ jù. Ó yọ nínú owó. Mo ní ohùn sàléńsà rẹ̀ kò ní ìtẹríba. Ó bẹ̀ mí, ó sì tún yọ. Gbogbo bí mo ṣe ń ba alùpùpù náà lórúkọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó túbọ̀ ń dùn ún rà. Nọ́ọ̀sì ti ń jó níbi tó dúró sí. Ìyàwó mi wò mí pẹ̀lú ojú tí n kò rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra.

Ó yí sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé o rí ọkọ mi?"

"Mo rí i, Àǹtí mi. Ọlọ́run dá a sí fún wa."

Gbólóhùn tó gùn jù lọ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ nìyẹn láti ìgbà tí Nọ́ọ̀sì ti kúrò nílé mi, orí irọ́ mi ni wọ́n sì dúró sí sọ ọ́.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀," Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jẹ́ kí n gùn ún wò."

Lẹ́yìn ilé búrẹ́dì náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó kún fún òkúta, táǹkì omi wà lórí rẹ̀ téńté. Nọ́ọ̀sì so gèlè rẹ̀ le, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó jókòó.

Ẹni tó bá ti gun irú alùpùpù yìí rí mọ ìwà rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ máa lọ jẹ́jẹ́ bí ọmọlúàbí. Bí ẹ bá fún un níná díẹ̀ sí i, yóò fò fìrì, táyà iwájú á gbéra nílẹ̀, nígbà tó bá sì balẹ̀, ọrùn férémù ni gbogbo ìwúwo á dà sí. Ọrùn ọ̀hún gan-an.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé mi dàrú. Bí mo bá dákẹ́, hándù á yọ sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ láàárín òkúta. Ẹ gbà mí gbọ́, ó yẹ kí ìdáhùn yẹn rọrùn. Kò rọrùn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó bóyá ó lè jẹ́ pé gọ́ọ̀mù náà lágbára ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó fún un níná. Gbàà-dan-dan-dan! Ó ti ń lọ.

"Dúró!" Mo sáré wọ iwájú rẹ̀, mo na apá méjèèjì, ṣíbí wà lọ́wọ́ mi bí ọ̀pá ọlọ́pàá. "Má gùn ún! Ó ti sán lọ́rùn!"

Ó tẹ bíréèkì. Táyà iwájú dúró sí orókún mi. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Níbo ló ti sán?"

"Abẹ́ táǹkì, lápá òsì."

Wọ́n wo abẹ́ táǹkì, wọ́n tún wò mí.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó mi wí, "ẹ kò tíì wo abẹ́ táǹkì."

"Ṣíbí ló sọ fún mi."

"Ẹ kò gbé ṣíbí débẹ̀."

"Ó... òkèèrè ló ti gbọ́ ọ."

Oníbúrẹ́dì sún mọ́ alùpùpù náà. Ó mú sípánà, ó tú táǹkì, ó gbé e kúrò. Ó mú ọ̀bẹ ìgébúrẹ́dì jáde nínú ápúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì ha ibi tí mo sọ. Èépá pupa kan já bọ́ sórí ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀. Gọ́ọ̀mù tẹ̀lé e. Ìsán náà là sílẹ̀ kedere, èékánná lè wọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá!" Ẹ̀rù ba bàbá. "Ṣíbí yín ti ríran ju jígí lọ! Ẹ tà á fún mi!"

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá ti di òrìṣà nínú ẹbí yẹn. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀, ó ti mú èépá pupa náà nílẹ̀. Ó gbé e sí oòrùn. Ó yí i padà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná àtàǹpàkò ara rẹ̀, bí ẹni tó ń yan òwú tó bá aṣọ mu. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.

"Kútẹ́ẹ̀sì mi," ó wí.

"Pupa ló jọra," mo wí.

"Pupa tèmi ní ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ nínú. Ẹ wò ó. Ìràwọ̀ nìyí. Kí ni ìràwọ̀ mi ń ṣe lọ́rùn alùpùpù?"

Mo gbé ṣíbí pamọ́ sẹ́yìn mi.

"Bàbá Ìbejì, ṣé alùpùpù yín nìyí?"

Mo wo sítíkà. Sítíkà náà wò mí.

"Òun ni," mo wí.

Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ lé àyà. "Ṣé ẹ̀yin ni bàbá tó kú yẹn?"

"Èmi ni."

"Tó bẹ̀rù Ọlọ́run?"

"Ẹ jọ̀wọ́, sà."

"Ìyá mi o!" Ariwo bàbá gba àgbàlá kan. "Orí alùpùpù yìí ni mo gbé ìyá mi kà lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín! Orí kútẹ́ẹ̀sì ni ìyá mi jókòó sí láti ilé dé ibẹ̀! Ìyá mi, tí kò kun èékánná rí láyé rẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ṣì jókòó sórí alùpùpù tí kò ní táǹkì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí hándù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá, ọjọ́ tí mo kúrò nílé yín, ẹ̀yin lẹ gbé báàgì mi dé ojú títì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ní kí n má sunkún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ gbàdúrà fún mi. Ẹ di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ẹ ní kí Ọlọ́run wẹ̀ wọ́n mọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti gbọ́ èébú rí. Èyí kì í ṣe èébú, ó sì dùn mí jù ú lọ. Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun. Mo bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo mọ̀ ni mo bẹ̀, bí mo sì ṣe ń bẹ̀ ẹ́, ìyẹ̀fun ń wọ̀ mí nímú, mo sì ń sín. "Forí jì mí, hàtíṣù! Èmi ni mo jẹ̀bi, hàtíṣù!" Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyàwó mi kò wo ibi tí mo wà. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀, ó di hándù mú pẹ̀lú rẹ̀.

"Mo pè ọ́ ní olè," ó wí.

"Ẹ pè mí ní olè lẹ́ẹ̀mejì, Àǹtí mi. Lẹ́ẹ̀kejì, ńṣe lẹ kọ ọ́ lórin."

"Mo kọ ọ́ lórin?"

"Ẹ tún ní kí àwọn Ìbejì gbè é."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì já nínú ẹkún náà, àbúrò rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú lórí egungun alùpùpù yẹn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ìyẹ̀fun kúrò lójú ara wọn. Èmi ń sín nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé wọ́n kò bínú sí mi lọ títí. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà bí ó ṣe ń rí kí ilé kan dákẹ́ sí ènìyàn. Èmi ni mo fún Nọ́ọ̀sì ní irú ìdákẹ́ yẹn jẹ, fún ìgbà pípẹ́, nítorí ìgò kékeré kan.

"Ṣé ajórin kankan wà nítòsí?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ó wà ní ìkóríta," bàbá dáhùn.

"Màá rà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní gùn ún kúrò níbí. A ó tì í dé ọ̀dọ̀ ajórin, ojú wa ni yóò ṣe jó ọrùn rẹ̀ pọ̀, kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé e."

"Owó tí ọ̀gá ti ná a dé náà lẹ ó san," bàbá wí. "N kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá máa gbé búrẹ́dì mi kiri títí n ó fi rí òmíràn rà?"

Gbogbo wọn yí ojú sí mi. Àní sítíkà.

"Tẹ́lọ̀ ni mí," mo wí.

"Òkú ni yín," bàbá dáhùn. "Kì í rẹ òkú."

Ó wọlé, ó gbé páànù búrẹ́dì gbígbóná kan jáde, ó sì gbé e lé mi lórí. Báyìí ni mo ṣe dúró ní àgbàlá, orókún mi funfun, búrẹ́dì lórí, ṣíbí lọ́wọ́. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, mo ṣì ń gbé e. Oníbàárà kan ní búrẹ́dì náà kò rùn bí epo mọ́, pé òógùn ló ń rùn báyìí.

Nọ́ọ̀sì dá táǹkì padà sáyè rẹ̀. Òun di hándù mú lápá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í mú lápá òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti alùpùpù náà jáde, èjìká kan èjìká. Mo fẹ́ tẹ̀lé wọn, páànù mì, mo dúró.

"Ìyá Ìbejì," mo pè é. "Kí ni kí n wá ṣe?"

Kò dúró. Ó kàn yí ọrùn díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbé ṣíbí yẹn lé àyà ara yín. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé."